Bí A Ṣe Ń Pa Ìkọ̀wé Àtijọ́ Rẹ́ Lára Kọnkéré

   Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ alẹ́ òní kàn yín púpọ̀.

Bí ẹ bá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò yín títí dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn ògiri wa kì í dákẹ́. Ọ̀kan ń sọ pé, "Má ṣe tọ̀ síbí." Òmíràn ń sọ pé, "Má ṣe lẹ ìwé mọ́ ògiri yìí." Ẹ̀kẹta ń polówó ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tà mọ́. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ń fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà pariwo pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Gbogbo wa ni a mọ ìdí rẹ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ a máa ta ilé onílé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ inú ilé gan-an ni yóò ta ilé baba rẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀. Nítorí náà ni onílé ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á lè fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Kíkọ rẹ̀ kò le. Agolo ọ̀dà kan, búrọ́ọ̀ṣì kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ohun tí a kọ kò ní wúlò mọ́, tàbí tí kò ní jẹ́ òtítọ́ mọ́, tàbí tí yóò máa ti àwa tí a kọ ọ́ lójú. Báwo ni a ó ṣe pa á rẹ́ ní ọjọ́ náà? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ yìí nìyẹn. N kò kọ́ ọ nínú ìwé. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ọ, mo sì san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọdún 1968, baba wa da ògiri kọnkéré kan síwájú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ògiri búlọ́ọ̀kù o. Kọnkéré gidi ni: sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a fi omi pò, tí a sì dà sáàárín pákó. Ó ga dé àyà àgbàlagbà. Kí ó tó gbẹ, baba mú ìṣó, ó kọ ọdún náà sí i lára, ó sì kọ orúkọ ìyá wa sí abẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ún ní ọ̀dà títí ó fi dàgbà. Ó ní kọnkéré tí a bá dà dáadáa kò nílò ẹ̀wù.

Baba papò dà ní ọdún 2009. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àbúrò mi ọkùnrin mú àwọn ènìyàn kan wá wo ilé. N kò bi í léèrè. Mo ra ọ̀dà pupa, mo sì kọ ọ́ láti ìgun kan dé ìgun kejì ògiri náà pé, ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Lẹ́tà mi gba orí ohun tí baba fi ìṣó kọ kọjá. Àbúrò mi rí i, ó sì mọ ẹni tí mo ń bá wí. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọdún méjìlá gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà.

Ní ọdún 2021 ni àwọn àgbà ẹbí pe àwa méjèèjì jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn tí ó mú wá ní ọjọ́ kìíní, àwọn tí yóò bá wa tún òrùlé ṣe ni wọ́n. A parí ìjà. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí wa. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, dúró síwájú ògiri, ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì yíjú sí mi pé, "Bàbá àgbà, ta ni ó fẹ́ ta ilé yín?" Àbúrò mi wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ìkọ̀wé yẹn gbọ́dọ̀ kúrò.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe mi. Ní ọjọ́ kejì, mo ra ásíìdì, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ti dọ̀tí gan-an. Mo dà á sí ìpẹ̀kun ògiri, níbi tí lẹ́tà tí ó kẹ́yìn wà. Ó hó yẹ̀ẹ̀, inú mi dùn, mo rò pé ọ̀dà ni ó ń jẹ. Nígbà tí mo bu omi sí i, ọ̀dà pupa wà níbẹ̀ síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí ó yí i ká ni ó ti lọ, tí òkúta wẹ́wẹ́ yọ jáde bí eyín. Mo tún mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ha á. Ọ̀dà náà kàn ń wọ inú kọnkéré sí i ni. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín ni, orúkọ ìyá mi ì bá ti lọ pẹ̀lú ọ̀dà, nítorí pé ojú kọnkéré ni baba kọ ọ́ sí.

Bàbá kan tí ó ti fi kíkun ilé ṣe iṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ń kọjá lọ. Ó dúró, ó ní, "Dáwọ́ dúró, ọmọ mi. Ṣé ọ̀dà ni ò ń bá jà ni, àbí ògiri baba rẹ? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko." Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi. Ohun tí ó kọ́ mi ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ohun kìíní: ẹ mọ ohun tí kọnkéré jẹ́. A rò pé ó le bí òkúta, pé kò sí ihò lára rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ó fi àwọn ihò tín-tìn-tín sílẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ẹ kán omi sí ara kọnkéré tí a kò kùn, ẹ ó rí i pé yóò fà á mu, ibẹ̀ yóò sì dúdú. Bí ó ti ń fa omi náà ni ó ń fa ọ̀dà. Nítorí náà, ìkọ̀wé ara kọnkéré kò dà bí ìdọ̀tí ara àwo tí a lè nù kúrò. Ó dà bí epo tí ó ti ta sí aṣọ. Bí a bá kàn ń ha ojú rẹ̀, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ohun kejì: ẹ mọ ọ̀tá kọnkéré. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú èèpo ẹyin, kí ẹ fi sínú fínígà díẹ̀ nínú ife. Ẹ ó rí i tí yóò máa hó, tí èèpo náà yóò sì máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹfun inú èèpo ẹyin ni ohun kíkan inú fínígà ń jẹ. Irú ẹfun bẹ́ẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì, nítorí pé òkúta ẹfun ni a fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ásíìdì fi jẹ ògiri mi tí ó sì fi ọ̀dà sílẹ̀. Híhó tí mo rí, ẹkún ògiri ni.

Ohun kẹta: ẹ mọ irú ọ̀dà tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀dà olómi wà, ọ̀dà elépo sì wà. Ẹ ti àkísà funfun bọ inú sípíríìtì, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi í ra ìkọ̀wé náà. Bí ọ̀dà bá rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ àkísà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀dà olómi. Omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle tí kì í ṣe irin, àti sùúrù lè mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Bí kò bá rọ̀ rárá, ọ̀dà elépo ni. Tèmi jẹ́ ọ̀dà elépo.

Nípa ọ̀dà elépo, ẹ jẹ́ kí á rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú. Wọn a sun èèpo kòkó di eérú, wọn a sẹ́ omi eérú náà, wọn a sì sè é pọ̀ mọ́ àdín. Epo ni àdín. Nígbà tí omi eérú bá bá epo pàdé, epo kì í jẹ́ epo mọ́. Ó ti di ọṣẹ, omi sì lè ṣàn án lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà elépo rí. Epo tí ó ti gan ni ó di àwọ̀ mú sára ògiri. Bí a bá rí ohun tí ó lágbára bí omi eérú, tí a jẹ́ kí ó pẹ́ lórí rẹ̀, epo náà yóò di ọṣẹ, yóò sì jọ̀wọ́ àwọ̀. Ohun náà ni kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aṣeọṣẹ òde òní ń lò. Sìmẹ́ńtì kì í bẹ̀rù rẹ̀ bí ó ti ń bẹ̀rù ásíìdì, nítorí pé irú ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọdé: kọ́sítíìkì sódà kì í ṣe ohun ìṣeré. A máa jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n lò nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó wọ awò tí ó bo ojú, kí ó sì wọ ẹ̀wù alápá gígùn. Sódà ni a ń rọra bù sínú omi tútù. A kì í da omi lé sódà, nítorí pé yóò hó, yóò sì ta sí ni. Inú korobá oníke ni a ti ń pò ó. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí a fi ń se ọbẹ̀ kò yẹ fún un, nítorí pé sódà a máa jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná yóò sì máa jáde níbẹ̀. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ ásíìdì láéláé. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára tàbí lójú, omi tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́.

Kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀, ó dán an wò ní ẹ̀yìn ògiri, ibi tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fo ìpele yìí. Ògiri kan kò jọ èkejì.

Nígbà tí ó rí i pé ó dára, ó bu amọ̀ funfun sínú omi sódà, ó pò ó títí ó fi ki bí àmàlà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àwọn lẹ́tà náà, ó sì fi ọ̀rá bò ó kí oòrùn má baà tètè gbẹ ẹ́. Ó ní ọ̀dà tí ó ti lo ọdún méjìlá kò ní lọ ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ kejì, ó fi pákó pẹlẹbẹ rọra kó o kúrò. Ọ̀dà náà bá a wá, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. A fi omi púpọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun fọ ibẹ̀. Àwọ̀ pupa díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú àwọn ihò kọnkéré, nítorí náà a tún lẹ amọ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀ẹ̀kejì, àti ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Nínú ibi tí baba fi ìṣó kọ, irun búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ń fọ eyín ni a lò.

Nǹkan kan tún wà tí Bàbá kò gbà fún mi. Mo ní kí á fi ẹ̀rọ ha ìyókù rẹ̀ ní gbígbẹ. Ó ní rárá. Ọ̀dà àtijọ́, pàápàá pupa àti yẹ́lò, lè ní òjé nínú, òjé tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé ní ọdún 1978. Eruku òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ rántí ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010: kì í ṣe ọ̀dà ni ó fa tiwọn, òkúta wúrà tí ó ní òjé nínú ni wọ́n ń fọ́ nínú agbolé, eruku rẹ̀ sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, ẹ má ṣe fi iná sun ún. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ilẹ̀ kí ó gba gbogbo ohun tí ó bá já bọ́, ẹ kó o dànù síbi tí ewúrẹ́ àti adìyẹ kò lè dé, ẹ má sì jẹ́ kí omi rẹ̀ ṣàn lọ sínú kànga.

Ẹ̀rọ tí ó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n iyanrìn lu ògiri wà pẹ̀lú. Ó yára, ṣùgbọ́n a máa bó ojú kọnkéré lọ pọ̀ mọ́ ọ̀dà, eruku iyanrìn sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2009, ìjọba ilẹ̀ Tọ́kì fòfin de fífi iyanrìn fọ́n aṣọ jíínsì, nítorí pé eruku rẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ta oògùn tí ń bó ọ̀dà fún yín, ẹ ka ara agolo rẹ̀. Bí ẹ bá rí methylene chloride níbẹ̀, ẹ dá a padà. Èéfín rẹ̀ ti pa àwọn ènìyàn nínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́, Amẹ́ríkà sì fòfin de títà á fún ará ilé ní ọdún 2019.

Ní ọjọ́ tí a parí, mo wo ògiri, ọkàn mi sì bàjẹ́. Kò sí ọ̀dà mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì lè ka ọ̀rọ̀ náà! Ibi tí lẹ́tà ti wà funfun ju ibi yòókù lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀dà rẹ ni ó bo ibẹ̀ fún ọdún méjìlá tí òjò àti eruku kò fi kàn án. Kì í ṣe ìkọ̀wé ni ò ń rí yẹn, ìdọ̀tí tí ó yí i ká ni." Ó ní kí á fọ gbogbo ògiri náà láti ìgun dé ìgun, kì í ṣe ibi lẹ́tà nìkan. Èmi mú ìpẹ̀kun kan, àbúrò mi mú ìpẹ̀kun kejì, a sì pàdé ní àárín, ní ibi orúkọ ìyá wa. Òjìji díẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àti òjò méjì ni ó pa èyí náà rẹ́.

Bí ẹ̀yin bá fẹ́ kun ọ̀dà tuntun lé ògiri tiyín, ẹ kọ́kọ́ fọ sódà kúrò pátápátá, kí ògiri sì gbẹ dáadáa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dà elépo tuntun náà yóò di ọṣẹ lábẹ́ ara rẹ̀, yóò sì máa bó. Ẹ má sì fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo lẹ́tà pupa, kí ẹ wá rò pé ó ti lọ. Tó bá yá, yóò tún yọjú.

Kí n tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan kù. Kí a tó pa ìkọ̀wé rẹ́, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ohun tí ó mú wa kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àmì tí ìjọba tàbí ilé-ẹjọ́ fi síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ yanjú rẹ̀ níbi tí ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ti lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná, nítorí pé ohun tí a bá ti pa rẹ́ kò ní padà. Bí ó bá sì jẹ́ ìjà ni ó mú un wá, ìjà ni kí á kọ́kọ́ parí. Bí mo bá ti bó ọ̀dà náà nígbà tí àbúrò mi ṣì wà ní àjò, ògiri mímọ́ nìkan ni mo ì bá ní.

Ìpẹ̀kun ibi tí mo da ásíìdì sí wà síbẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú òkúta rẹ̀ bí eyín. N kò tún un ṣe. Bí àwọn ọmọ bá béèrè, mo máa ń sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni mo ti kánjú.